Ẹ Má Dá Gbé E: Ìmọ̀ràn Ìyá Onílé fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

 

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ sí Ọ̀wọ̀ ní àwọn yàrá tí a ń fi háyà fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ Rufus Giwa Poly ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ti Achievers University tó wà lójú ọ̀nà Ìdásẹ̀n sí Ùté a sì máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wá láti Ìfọ́n, àwọn kan láti Ìdóàní, àwọn kan láti Àkókó, àwọn mìíràn sì gba ọ̀nà Ẹdó wọlé. Mo ti rí wọn nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ti rí wọn nígbà tí èsì jáde, mo sì ti rí wọn nígbà tí oṣù kò tíì dé ìdajì tí owó ti tán.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò lọ́jú pọ̀. Másùnmáwo wà, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá yín gbé gbogbo rẹ̀ kúrò. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ni owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti fò sókè. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní FUTA ní Àkúrẹ́ àti ní àwọn yunifásítì ìjọba mìíràn jókòó sílé láti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń ṣe ìgbéyàwó, àwọn ṣì ń dúró de ìdánwò ọdún kẹta. Ẹrù gidi nìwọ̀nyí. Síbẹ̀, nínú àwọn ọmọ tí mo rí tí wọ́n dà wó lulẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan tí ẹrù nìkan dá wó. Fífi í pamọ́ ló wó wọn. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé, mo sì to ó ní nọ́ńbà kí ó lè rọrùn fún yín láti padà sí.

1. Ẹ jẹ́ kí ilé gbọ́ òtítọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù létí. Ìyá rẹ̀ ló pè é láti Òkèlúsè. Mo ń gbọ́ tí ó ń sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti jẹun, mà. Rárá o, kò sí ìṣòro kankan. Ẹ má dààmú, mà.” Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó pa fóònù, ó wọlé, mo sì gbọ́ tí ṣíbí ń fá ìsàlẹ̀ ike gàrí. Ó bu omi sí i. Kò sí ṣúgà, kò sí ẹ̀pà. Ó mu ún tán, ó ṣí ìwé.

Ilẹ̀ mọ́, mo pè é. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ló sọ pé ibà mú òun ní oṣù tó kọjá, pé òun ná nínú owó ilé ìwé láti fi ra oògùn, pé láti ìgbà náà ni òun ti ń bẹ̀rù ọjọ́ tí wọn yóò béèrè rìsíìtì. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní, “Mà, owó iṣu ni wọ́n fi rán mi wá. Bí mo bá sọ fún wọn, wọn ò ní lè sùn.”

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú ọmọ purọ́ irú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo iṣẹ́ tí irọ́ náà ń ṣe. Ibà ti lọ, oògùn ti tán, gbèsè kékeré nìkan ló kù; irọ́ wá bọ́ sórí rẹ̀, ó sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ jẹun, tí kò jẹ́ kí ó kàwé. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni àyà rẹ̀ ń já. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìpè ìyá tó fẹ́ràn rẹ̀ jù láyé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá tó wà ní Òkèlúsè kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ lórí ohun tí kò mọ̀.

Nígbà tí ọmọ náà wá sọ ọ́ tán fún ìyá rẹ̀, obìnrin náà sunkún, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Lẹ́yìn ẹkún ó pe àbúrò rẹ̀ ní Ìfọ́n, ìyẹn fi iṣu àti gàrí ránṣẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n sì dá owó náà jọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà sùn.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró títí ẹkún yóò fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ pè ní ọ̀sán, nígbà tí ara ṣì fúyẹ́. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ iye tó kù, ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe sí i, ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí ilé bá jẹ́ irú ibi tí a kì í ti í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ (irú ilé bẹ́ẹ̀ wà, mo mọ̀), ẹ wá àgbà mìíràn: ẹ̀gbọ́n ìyá yín, olùkọ́ yín àtijọ́, ìyá ìjọ, ìmáàmù àdúgbò, tàbí onílé yín. Ẹnì kan péré tó mọ òtítọ́ nípa yín tó láti bẹ̀rẹ̀.

2. Ohun tó ń ṣe yín ti ń ṣe ọmọ ìwé Yorùbá tipẹ́.

Nígbà tí òmìnira Nàìjíríà kù sí dẹ̀dẹ̀, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro, ní Abẹ́òkúta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn káàkiri lágbárí, ojú ń ro, ojú ìwé kan náà ni wọ́n ń kà ní àkàtúnkà, kò sì wọ orí. Brain fag ni àwọn ọmọ náà fúnra wọn ń pè é, orúkọ yẹn sì ni Prince fi gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní ọdún 1960. Lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufemi Morakinyo ní Ifẹ̀ tún tọ ipa rẹ̀. Ó so ó mọ́ àwọn tó ń lé ipò kíkankíkan, tí wọ́n ń sin ara wọn nípá, tí wọ́n sì ń fi oògùn lé oorun lọ. Àwọn dókítà òde òní ń wò ó pé àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, pé ara ló ń bá ọkàn sọ̀rọ̀.

Mo ń sọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. Mo gbà pé àwọn tí orí wọn gbóná nígbà náà wà lára àwọn tó di olùkọ́, adájọ́ àti dókítà nílẹ̀ yìí. Orí tó ń gbóná kò sọ pé ẹ ti ń ya wèrè, kò sì sọ pé ẹnì kan ń fi ọwọ́ kàn yín láti abúlé. Ó ń sọ pé ẹrù ti pọ̀ ju bí ẹ ti ń gbé e lọ.

Bákan náà ni inú tó ń run yín ní òwúrọ̀ ìdánwò nìkan, àyà tó ń já láìsí ohun tó lé yín, nǹkan oṣù tó yí ọjọ́ padà, oúnjẹ tí kò wù yín mọ́ tàbí èyí tí ẹ ń jẹ láìyó. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ibà wò, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ojú wò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pe àìsí awò ní àìlóye. Bí gbogbo èyí bá mọ́ tí ohun náà kò sì lọ, ẹ sọ fún dókítà pé ọkàn yín ni. Wọ́n ti gbọ́ ọ rí, kò ní yà wọ́n lẹ́nu.

3. Ẹ sùn.

Ọmọbìnrin kan wà nílé mi tó ń kọ́ ìṣirò owó. Mo jí lóru láti lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí àga, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi tútù nínú bàsíà kí oorun má bàa gbé e. Ife kọfí dúdú wà lápá kan, awẹ́ obì wà lápá kejì. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti hunjọ nínú omi. Ó ní TDB ni òun ń ṣe, àṣekára títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni. Mo bi í ní ohun tó wà ní ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìwé náà, kò rí nǹkan kan sọ.

Nínú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà sí àyè rẹ̀. Ẹni tó kàwé mọ́jú ti kó ẹrù wọlé, kò sì fún onílé láyè láti tò ó. Fún ọjọ́ orí tiyín, wákàtí méje lóru ni ara ń béèrè, ó kéré tán. Káfíìnì wà nínú obì bí ó ti wà nínú kọfí. Èyí tí ẹ bá jẹ ní ìrọ̀lẹ́ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ nínú yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn lóru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ọ̀sẹ̀ kejì táàmù, ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta mẹ́rin, kí olúkúlùkù ṣàlàyé apá kan fún àwọn yòókù, kí ẹ sì jọ yanjú ìbéèrè ọdún tó ti kọjá. Ohun tí ẹ bá ti fi ẹnu ara yín ṣàlàyé kì í tètè sá lọ.

Ọ̀wọ̀ wa yìí mọ iyì ìsinmi. Nígbà ọdún Ìgógó tí a fi ń rántí Ayaba Ọ̀rọ̀ńsẹ̀n ní oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 17 ni a kì í lu ìlù, agogo nìkan ni ẹ óò máa gbọ́. Bí odindi ìlú bá lè gbé ìlù sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ẹ̀yin náà lè gbé ìwé sílẹ̀ fún wákàtí méje.

4. Lórí owó, ẹ béèrè níbi tí wọ́n ti ń fún ni, ẹ sì sá fún ibi tí wọ́n ti ń dójú tini.

Ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NELFUND bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Àwọn ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ti ìpínlẹ̀ tẹ̀lé e. Kò ní èlé. Owó ilé ìwé ń lọ tààrà sí àpò ilé ìwé, àyè sì wà láti béèrè owó oúnjẹ ₦20,000 lóṣù. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹ bá parí ìsìnrú ìlú ni sísan padà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá ti wà lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ Poly àti ẹ̀yin tó wà ní Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá lè béèrè fún un. Ẹ̀yin tó wà nílé ìwé aládàáni kò sí nínú ètò náà. Àwọn òbí kan ń sọ fún ọmọ pé gbèsè ìjọba ń mú ni lẹ́rú. Tèmi ni pé ẹ ka àwọn àdéhùn rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ jókòó ti bàbá àti ìyá yín, kí ẹ sì jọ pinnu.

Èyí tí mo kórìíra ni àwọn áàpù orí fóònù tó ń yáni lówó ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Èlé wọn ń sáré ju ẹsẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ bá kọjá, wọ́n a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù ọmọ: ọ̀rẹ́, olùkọ́, àlùfáà, pé olè ni. Mo ti rí ọmọ tó tìlẹ̀kùn mọ́ra nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Ẹ kúkú wá yá ẹ̀wà lọ́wọ́ mi.

5. Kàríófà kì í ṣe òpin ayé.

Kọ́ọ̀sì kan já yín, ẹ óò tún un ṣe. Ẹ lọ rí olùkọ́ tó ń tọ́ yín sọ́nà ní ẹ̀ka yín ní ọ̀sẹ̀ tí èsì jáde, ẹ mú èsì náà dání, ẹ bi í bí ẹ ó ṣe tò ó pọ̀ mọ́ ti ọdún tó ń bọ̀ kí ó má bàa kó jọ. Ẹni tó bá rí i pé èsì òun kò tọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀bẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò. Ẹ kọ lẹ́tà náà ní àkókò. Àwọn tó ń sá pamọ́ fún èsì ni kàríófà kan ń di mẹ́rin mọ́ lọ́wọ́.

6. Ẹ̀rù tó ń bà yín ní ìdí.

Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojo ni yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Ọba Israel Adeusi, Olúfọ́n ti Ìfọ́n, lójú ọ̀nà nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí sí ọba, kí ni ọmọ ìwé tó wọ ọkọ̀ èrò yóò rò? Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ níbí. Ó lé ní ogójì ẹ̀mí tó lọ, àgbà àti ọmọdé. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC, kún fún àwọn tó fara gbọgbẹ́, àwọn ènìyàn sì tò láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà. Àwọn kan wà nínú ilé Ọlọ́run ọ̀hún gan-an, àwọn kan pàdánù ẹni wọn níbẹ̀. Títí di òní, ọmọ lè gbọ́ ariwo bánger nígbà Kérésìmesì kí ó wọ abẹ́ tábìlì. Ọmọ lè máà lè jókòó síbi tí kò ti rí ilẹ̀kùn. Ọmọ lè máa lá àlá kan náà láti ọdún náà wá. Ìrántí tó ń jà nínú ara nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Àkókò nìkan lè má wò ó sàn bí a bá pa ẹnu mọ́ ọn. Bí irú rẹ̀ bá ń ṣe yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “ṣé o ṣì wà nídìí ìyẹn?” pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè jókòó gbọ́ ọ tán.

Fún ìrìn àjò, ẹ rìn ní ọ̀sán, ẹ rìn pẹ̀lú èkejì, kí ẹnì kan nílé mọ nọ́ńbà ọkọ̀ tí ẹ wọ̀. Bí ọ̀nà kò bá dára ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jókòó sí Ọ̀wọ̀. Gàrí tí ẹ fẹ́ lọ kó nílé lè fi ọkọ̀ wá.

7. Ohun tó ń mú ara fúyẹ́ ní wákàtí kan tó sì ń gba ọdún méjì lọ́wọ́ yín.

Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Igbó, tramadol, ọtí tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí wà lára ibi tí NDLEA ti ń jó oko igbó lọ́dọọdún, nítorí náà kò jìnnà sí yín. Ní ọdún 2018 ni ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ tó ní kodéènì wọlé, nígbà tí ó ti wọ àwọn ọmọ lára tán. Mo ti dúró ti ibùsùn ọmọ tó lo tramadol kí ó lè kàwé. Gìrì ló gbé e wá. Oògùn yẹn kò mọ̀ pé ìwé ni ẹ fẹ́ kà.

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà nínú ẹgbẹ́ yìí, bí ẹ kò tilẹ̀ pè é ní oògùn. Owó ilé ìwé ló ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìtìjú ló ń bá ọmọ padà wálé. Yahoo, jìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà ń ṣèlérí pé wàhálà yóò tán. Ẹ wo ojú àwọn tó ń ṣe é ní òru: wọn kì í sùn, gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n rò pé EFCC ni.

Ẹni tó bá ti wọ inú rẹ̀, mi ò ní lé e jáde nílé mi. Kí ó wá, kí ó sọ iye tó ń lò àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn mìíràn wà tí a kì í fi sílẹ̀ lójijì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, nítorí ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

8. Ẹ gbàdúrà, ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo ń gbàdúrà, mo sì ń gbàdúrà fún yín. Àdúrà máa ń mú ọkàn balẹ̀, ìjọ àti mọ́sáláàṣì sì wà lára ibi tí ọmọ ìwé tó jìnnà sílé ti ń rí ẹbí. Ohun tí mo ń bá yín jà lé lórí ni ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbígbẹ lára ọmọ tí kò jẹun dáadáa láti oṣù kan, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ fún un pé ẹ̀mí òkùnkùn ló ń jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, fi ọ̀nà hàn wá láti ọdún 1954 ní Aro. Ó fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí inú àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ẹni wọn kan sì ní láti bá wọn gbé ibẹ̀. Wọ́n ń gba oògùn lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ń padà sáàrin ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́. Ó pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wo iṣẹ́ yìí, ó sì di igbá-kejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí ó rí kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ń wí: ara ń yá kíákíá nígbà tí ẹni ẹni bá wà nítòsí tí kò sì sí ohun tí a ń fi pamọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún Nàìjíríà, tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́. Aláìsàn ọkàn ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀wọ̀ bíi ti aláìsàn ibà.

FMC wà ní Ọ̀wọ̀ níbí. Ẹ̀ka ìlera ilé ìwé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò kọ lẹ́tà fún yín. Bí ẹ bá ń tijú pé ará ilé yóò rí yín, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́.

9. Ẹ jáde síta. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ rìn dé Ọjà Ọba kí ẹ sì padà, ẹ bá mi gún iyán ní ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó jókòó ti fóònù nínú yàrá láti àárọ̀ di alẹ́, tó ń wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń jayé ní Kánádà, yóò rò pé òun nìkan ló kù lẹ́yìn.

10. Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ka èyí sí yín létí.

Ẹ yé bi ọmọ pé ipò kelòó ló wà kí ẹ tó bi í pé ṣé ó jẹun. Ẹ yé fi ọmọ aládùúgbò ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ó bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ yín, ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ dúpẹ́ pé ó sọ ọ́, ẹ dìde lọ mu omi, kí ẹ tó dá a lóhùn. Bí ẹ bá fi ariwo gba òtítọ́ àkọ́kọ́, kò ní mú èkejì wá, ẹ óò sì máa gbọ́ “gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa” títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí.

11. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń rò ó pé kí òun gbẹ̀mí ara òun.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé yàrá ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, nítorí ẹ̀yin lẹ óò kọ́kọ́ rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ àti ìwé rẹ̀ fún ènìyàn. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí kò ṣẹ̀. Ó ní bí òun kò bá sí mọ́, ọkàn ilé yóò balẹ̀. Ó ti ń sunkún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lójijì ni ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí ojú rẹ̀ sì mọ́.

Ẹ bi í léèrè ní tààrà: “Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?” Ìbéèrè yẹn kò ní gbin ohun tí kò sí níbẹ̀ sí i lọ́kàn, ìtura ló sábà máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti ń dá a gbé. Ẹ má wàásù fún un, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sọ pé àwọn mìíràn ń jìyà jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Bí ó bá ní kí ẹ búra pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má búra. Ẹ lè sọ pé, “Mi ò ní tan ọ̀rọ̀ rẹ ká, ṣùgbọ́n mi ò ní dá a gbé pẹ̀lú rẹ.”

Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, àní láti lọ sí ilé ìwẹ̀. Ẹ rọra kó ohun tó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nínú yàrá. Ẹ pe àgbà kan nínú ilé, bó ṣe wù kí òru jìn tó. Èmi kò ní bínú sí ẹni tó bá jí mi fún irú èyí. Mo mọ̀ pé òfin tí a jogún láti ayé òyìnbó ka ìgbìyànjú láti gbẹ̀mí ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú, ẹ̀rù yìí sì ń mú kí àwọn ẹbí gbé ọmọ pamọ́ sílé dípò kí wọ́n gbé e wá fún ìtọ́jú. Ẹ má tẹ̀lé ẹ̀rù yẹn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti gba ẹ̀mí là.

Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní FMC, ọ̀sán tàbí òru. Nọ́ọ̀sì tí ẹ bá kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ fún un gbangba pé ẹni yìí fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ má sọ pé orí ló ń fọ́ ọ, kí wọ́n má bàa ní kí ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de oògùn ibà.